Jíjò Oògùn Jẹjẹrẹ Sínú Ẹran Ara

Jíjò oògùn jẹjẹrẹ sínú ẹran ara ni ìjàǹbá tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ tí a ń fà sí aláìsàn lára bá yà kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ṣàn sábẹ́ awọ. Bí doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ kan tí ó pupa, bá jò, ojú ibẹ̀ a ta, a wú, ọgbẹ́ jíjinlẹ̀ a sì lè yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: gbàrà tí aláìsàn bá ti ké pé ó ń ta òun, kí nọ́ọ̀sì dá oògùn náà dúró, ṣùgbọ́n kí ó má yọ abẹ́rẹ́ títí yóò fi fa èyí tí ó bá ṣeé fà padà. Ohun tútù ni a ń gbé lé ti doxorubicin, ohun lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ti vincristine, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn. Dexrazoxane, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún irú jíjò yìí ní 2007, ni ẹ̀rọ̀ doxorubicin. Láàárín wákàtí 6 lẹ́yìn tí oògùn bá jò ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.