Cocoa House n'Ìbàdàn: ilé gíga tí owó àgbẹ̀ kọ́

Ẹni tó bá wọ Ìbàdàn tó sì dé Dùgbẹ̀ kò lè ṣàì rí ilé gogoro kan tó yọrí láàárín àwọn yòókù. Cocoa House ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ilé Kòkó. Àjà 26 ló ní, ó sì ga tó mítà 105. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, kò sí ilé tó ga tó o ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe ilé tí èèyàn ń sùn o, bírò ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ẹ̀yin ará wa tó ń ti Kétu, Ṣábẹ tàbí Àjàṣẹ́ lọ nájà n'Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọjá níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sanwó rẹ̀? Ìyẹn la fẹ́ sọ níbí, torí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni.

Ibi tí owó ti wá

Láyé ìgbà yẹn, àgbẹ̀ ò lè ta kòkó rẹ̀ fún òyìnbó tààrà. Ní 1947, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Marketing Board. Ní 1954, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní tirẹ̀. Àjọ yìí ló ń dá iye tí wọn ó ra kòkó kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó níwèé àṣẹ á lọ rà á lábúlé, àjọ á wá tà á sókè òkun. Bí owó tó wọlé bá ju èyí tí àgbẹ̀ gbà lọ, àjọ á fi ìyókù pamọ́. Irú rẹ̀ náà ni Caisse de stabilisation tí àwọn ará wa tó lọ ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire mọ̀, àti OPAT ní Tógò.

Ìlérí tí wọ́n ṣe ni pé, lọ́dún tí ọjà bá wálẹ̀, owó ìpamọ́ yìí ni wọn ó fi gbé àgbẹ̀ ró. Àmọ́ owó náà pọ̀, ìjọba sì ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Owó kòkó ran ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, àti láti dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní 1959. Ìgbà tí Olóyè Akíntọ́lá wà lórí oyè ni wọ́n parí Cocoa House. Kì í ṣe kòkó nìkan o, owó rọ́bà àti ti igi gẹdú náà wà níbẹ̀.

Àgbẹ̀ ńkọ́?

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà ayé, èyí tí àgbẹ̀ ń gbà náà sì dín kù. Owó orí kò dín kù ní tiẹ̀. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n ní àwọn ò jìyà mọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà ti wá. Tafa Adéoyè wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí kù.

Nítorí náà, ojú méjì ni ilé yìí ní. Ọmọ àgbẹ̀ jèrè, ó kàwé, ó sì ríṣẹ́ bírò. Ṣùgbọ́n bàbá tó gbin kòkó náà kò jẹun kánú nínú rẹ̀.

Ogún tí wọn ò pín

Ní 1976, wọ́n pín Ìwọ̀-Oòrùn sí ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ṣé a lè la ilé alájà 26 sí mẹ́ta ni? Wọ́n bá fi í sábẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, Odù'a Investment Company, kó jẹ́ ti gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1985, iná jó o. Kò wó, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí èèyàn tó tún lè lò ó. Oṣù kẹjọ 1992 ni àtúnṣe rẹ̀ parí. Di báyìí, àwọn ilé iṣẹ́ ṣì ń háyà bírò níbẹ̀.

Marketing Board ní tiẹ̀ kò sí mọ́, ìjọba fòpin sí i ní 1986. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ lè ta kòkó fún ẹni tó bá wù ú, àmọ́ kò sí ẹni tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ iye tó máa gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń gbin òwú àti kajú náà. Bí ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ bá ń yọ owó díẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan, kò burú, ilé ìwé àti ojú ọ̀nà ń fẹ́ owó. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè: èló ni? Ọwọ́ ta ló wà? Ọjọ́ wo ló máa padà sọ́dọ̀ wa, báwo la ó sì ṣe rí i?