Herbie Hancock àti Àwo Orin Àkọ́kọ́ Rẹ̀ ní Blue Note

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, Herbie Hancock, ọmọ Chicago tí a bí ní 1940, jókòó sí ìdí dùùrù ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní New Jersey. Freddie Hubbard fun kàkàkí, Dexter Gordon fun sakisofóònù, Butch Warren ta béèsì, Billy Higgins sì lu ìlù. Takin' Off ni orúkọ àwo náà. Orin mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, Hancock fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oní-nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ náà dúró. Donald Byrd, afunkàkàkí tí Hancock ń bá ṣeré, ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe fi ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kankan. Gẹ́gẹ́ bí Hancock ti máa ń sọ ọ́, nígbà tí Alfred Lion, olórí Blue Note, béèrè ẹ̀tọ́ náà, ó kọ̀ jálẹ̀, ó sì dìde láti máa lọ. Lion ni ó pè é padà. Fún ọ̀dọ́ tí kò tíì ní àwo kankan ní orúkọ ara rẹ̀, ìgboyà gidi ni èyí.

Nínú orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, "Watermelon Man" ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ọlọ́jà tí ó máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kiri bàrà olómi ní Chicago ni Hancock rántí: ìró ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lórí òkúta ojú ọ̀nà di ìlù ọwọ́ dùùrù, ohùn àwọn obìnrin tí ń ké pe ọlọ́jà náà sì di ohùn orin. Ẹni tí ó bá mọ ìpolówó ọjà Yorùbá yóò rí ìyàtọ̀ kan níbí. Lọ́dọ̀ ti wa, ọlọ́jà ni ó ń kọrin pe oníbàárà. Nínú orin yìí, oníbàárà ni ó ń pe ọlọ́jà. Kò tọ́ kí á pè é ní ìpolówó rárá.

Ọmọ Kúbà kan ni ó sọ orin náà di ti gbogbo ayé. Mongo Santamaría, onílù tí a bí ní Havana ní 1917, tí ó ti fi orúkọ Ṣàngó pe àwo kan ní àwọn ọdún 1950, gbọ́ ọ nígbà tí Hancock bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní Bronx. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n ń jó. Santamaría gbà á sílẹ̀, ó sì wọ inú orin mẹ́wàá tí ó tà jù ní Amẹ́ríkà ní 1963. Nítorí pé Hancock kò ta ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó orin náà ń wọlé sí. Ó fi ra ọkọ̀ Cobra kan ní ọdún yẹn.