Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ọ̀pá Ìwọ̀ àti Ẹja Oníròba Ńlá

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 1932, ọ̀dọ́mọdé àgbẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ George Perry lọ pẹja ní adágún Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀dá owó gbòde nígbà náà. Ìtàn sọ pé ọ̀pá ìwọ̀ kan ṣoṣo ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń lò. Ẹja bass tí Perry fà sókè lọ́jọ́ náà lé díẹ̀ ní kílò 10. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹbí rẹ̀ sì sè é jẹ. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní mọ́ Perry lọ́wọ́, àfi ẹnì kan tó bá a dọ́gba.

Ẹni tó bá ń lépa irú ẹja bẹ́ẹ̀ lóde òní kì í sábà gbé ọ̀pá kan ṣoṣo dání. Nínú ẹrù rẹ̀ ni a ti máa ń rí ẹja àtọwọ́dá tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe, tó gùn tó ẹja gidi, tí ìrù rẹ̀ sì ń jù bí wọ́n bá ti ń fà á nínú omi. Swimbait ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọ̀pá wo ló yẹ irú ìdẹ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè ọjà ni, ṣùgbọ́n inú ìtàn ìpínlẹ̀ California ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Bass kì í ṣe ọmọ bíbí California. Ènìyàn ló kó o débẹ̀. Ní ọdún 1959, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú San Diego, lábẹ́ Orville Ball, kó irú bass kan láti Florida wá sínú adágún Upper Otay. Irú ti Florida yìí máa ń tóbi ju èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti pín in dé àwọn adágún mìíràn tí ìlú ń pọn omi rẹ̀ mu. Lákòókò òtútù, ìjọba tún máa ń da ẹja trout tí a sìn ní oko ẹja sínú àwọn adágún kan náà, kí àwọn ará ìlú lè rí nǹkan pa. Àwọn bass ńlá kò jẹ́ kí oúnjẹ ọ̀fẹ́ yìí kọjá wọn. Wọ́n ń gbé trout mì, wọ́n sì ń sanra.

Èso ìpinnu méjèèjì yìí hàn kíákíá. Ní ọdún 1973, Dave Zimmerlee pa bass tó wọn kílò 9 àbọ̀ ní adágún Miramar. Ní ọdún 1980, Ray Easley pa èyí tó jù ú lọ díẹ̀ ní Casitas. Ní ọdún 1991, Bob Crupi pa èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò 10 ní Castaic. Edé odò tó wà láàyè ni Easley àti Crupi fi ṣe ìdẹ, ṣùgbọ́n àwọn apẹja mìíràn ti ń ronú pé ẹja tó ń jẹ trout, àwòrán trout ni yóò tàn án jẹ. Allan Cole gbẹ́ igi ní àwòrán trout, ó sì fi ìrù rírọ̀ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníròba dé. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀, Ken Huddleston gbé trout oníròba onínṣì 8 jáde, èyí tó jọ ẹja gidi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ohun tí wọ́n ń fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn yòókù.

Níbí ni wàhálà ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀. Irú ìdẹ bẹ́ẹ̀ lè wọn ju gíráàmù 110 lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ọ̀pá bass lásán ń jù kì í sábà kọjá 30. Ẹni tó bá fi ọ̀pá kékeré ju ẹrù ńlá, ọ̀pá náà lè kán sí i lọ́wọ́.

Àwọn baba ńlá apẹja ilẹ̀ náà lo ọ̀pá ọparun. Ní àwọn ọdún 1940, ti fáíbà gíláàsì dé. Ní àwọn ọdún 1970, ti káábọ̀n tẹ̀ lé e, ó fúyẹ́, ó sì le. Síbẹ̀, ọ̀pá bass kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ títí láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí Dee Thomas, ọmọ California, fi ọ̀pá gígùn ṣe bẹbẹ nínú ìdíje. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fẹjọ́ sùn. Wọ́n fi òfin dé gígùn ọ̀pá sí ẹsẹ̀ bàtà 8. Nígbà tí ẹja oníròba ńlá dé, àwọn apẹja California lọ yá ọ̀pá àwọn tó ń pẹja nínú òkun Pàsífíìkì lò. Ọdún díẹ̀ kọjá kí àwọn onílé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá tó jẹ́ ti ìdẹ náà gan-an.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ nínú ìrírí yẹn ni à ń lò láti yan ọ̀pá títí dòní. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ìdẹ ni a kọ́kọ́ ń gbé sórí ìwọ̀n, pẹ̀lú ìwọ̀ tó wà lára rẹ̀, kí a tó wo iye tí wọ́n kọ sára ọ̀pá nítòsí ibi ìdìmú. Fún ìdẹ oníròba kékeré tí kò ju ínṣì 5 lọ, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 tó le díẹ̀ lè tó. Fún onínṣì 8, ẹsẹ̀ bàtà 7 àbọ̀ sí 8 ni wọ́n ń fẹ́, kí ìdìmú rẹ̀ gùn tó ọwọ́ méjì, nítorí ọwọ́ kan kò lè ju irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ láìro. Okùn tó lè gbé kílò 9 sí 11 kí ó tó já ni wọ́n ń fi sí i.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí ni líle ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ rò pé bí ẹja bá ti tóbi, kí ọ̀pá le bí irin ló dára. Àmọ́ àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ló yẹ kó lágbára. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀. Orí tó tẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìdẹ fò láìjá okùn. Bí ẹja bá sì gbé e, kò ní tètè fura, kò sì ní já ìwọ̀ kúrò lẹ́nu ara rẹ̀ bó bá fo sókè tó ń gbọn orí. Nítorí èyí, apẹja tó mọṣẹ́ kì í já ọ̀pá gbà lójijì. Ṣe ló ń fà á sẹ́yìn gbọọrọ, kí gígùn ọ̀pá lè kó okùn tó ti dẹ̀.

Ẹni tó bá Perry dọ́gba kì í ṣe ará California. Manabu Kurita ni, ní adágún Biwa lórílẹ̀-èdè Japan, ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2009. Ẹja tirẹ̀ fi nǹkan bíi gíráàmù 27 ju ti Perry lọ, èyí tí kò tó lábẹ́ òfin láti gba ipò náà, wọ́n sì kọ àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹja bluegill tó wà láàyè ló fi ṣe ìdẹ. Àlejò ni ẹja àti ìdẹ rẹ̀ ní Japan. Ọdún 1925 ni wọ́n kó bass dé ibẹ̀. Bluegill ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn tí olórí ìlú Chicago fún àrẹ̀mọ Akihito ní ọdún 1960. Àwọn méjèèjì ń run ẹja ìbílẹ̀ Biwa. Láti ọdún 2005, òfin ti ka sísin bass tàbí gbígbé e káàkiri láàyè léèwọ̀. Ní ọdún 2007, Akihito, tó ti di ọba nígbà náà, sọ ní gbangba pé ohun tí ẹ̀bùn yẹn dá sílẹ̀ dun òun.

Ẹja kan náà tí California fi ọkọ̀ kó oúnjẹ bá ni ìjọba Japan fẹ́ pa run. Àwọn apẹja Biwa tó ń na ọ̀pá gígùn sójú omi mọ èyí: ní ìpínlẹ̀ Shiga tí adágún náà wà, ẹni tó bá pa bass kò gbọdọ̀ dá a padà sínú omi.