Ojú Ta Ni Ń Ṣa Tòmáàtì? Ìtàn Ojú Ẹ̀rọ ní California



Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ni ọmọ aráyé sì fi ń ṣa èso láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lóde òní, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ti ń gba iṣẹ́ yìí ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá. Èso á máa sáré kọjá lórí bẹ́líìtì, kámẹ́rà á yà á ní àwòrán, kọ̀ǹpútà á wo àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, àti àpá tó wà lára rẹ̀, á wá pín in sí ipele tó yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ẹ̀rọ yìí, wọ́n á ní ojú rẹ̀ yára ju ti èèyàn lọ, kì í sì í rẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi borí. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wo tòmáàtì California, torí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́.

Ojú ẹ̀rọ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní àwọn ọdún 1930, ní ìpínlẹ̀ Michigan, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tó ń mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣa ẹ̀wà. Ìmọ́lẹ̀ á tàn sára ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí padà kò ní dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á sì lé e kúrò. Ẹ̀wà rọrùn, torí ó gbẹ, ó sì le. Tòmáàtì ńkọ́? Ó rọ̀, ó ń bẹ́, kì í sì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà lórí igi kan. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa ká a?

Èsì tí wọ́n rí sí ìbéèrè yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, Jack Hanna bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú tòmáàtì tí ẹ̀rọ lè ká ní àwọn ọdún 1940. Coby Lorenzen, onímọ̀ ẹ̀rọ, ń ṣe ẹ̀rọ tó máa ká a ní tirẹ̀. Hanna wá tòmáàtì tí ara rẹ̀ le, tó máa ń pọ́n pọ̀ lásìkò kan náà, tó sì máa ń já kúrò lára igi wẹ́rẹ́. Ẹ ò rí i pé èso ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà kó lè bá ẹ̀rọ mu. Ilé iṣẹ́ Blackwelder ní Rio Vista ló wá ń ṣe ẹ̀rọ náà tà.

Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kò tètè dá a lóhùn. Ṣé ẹ rí i, láti 1942 ni ètò kan ti wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, tí wọ́n ń pè ní Bracero, tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ Mẹ́síkò wá sí oko. Owó iṣẹ́ wọn kò pọ̀. Ní ìparí 1964, ìjọba fòpin sí i. Ní ọdún 1964 yẹn, tòmáàtì ilé iṣẹ́ agolo tí wọ́n fi ẹ̀rọ ká ní California kò tó 4 nínú 100. Nígbà tó fi máa di 1968, ó ti lé ní 90. Ẹ̀rọ yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló sọ ọ́ di dandan.

Àmọ́ ẹ̀rọ akórè yẹn fọ́jú. Ohun gbogbo ló ń kó: pípọ́n, àìpọ́n, ọ̀gúlùtu, ewé. Àwọn èèyàn ló ń dúró lórí rẹ̀ bó ṣe ń rìn lóko, nínú eruku àti oòrùn, tí wọ́n ń fọwọ́ ṣa èyí tí kò dára dànù. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ojú wọn ni ojú ẹ̀rọ.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ojú mìíràn dé. Tòmáàtì tó pọ́n máa ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà púpọ̀. Èyí tí kò tíì pọ́n, àwọ̀ ewé ló pọ̀ lára tirẹ̀. Ẹ̀rọ á fi méjèèjì wéra ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì gbá àìpọ́n dànù. Kíá làwọn tó ń dúró lórí ẹ̀rọ dín kù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Langdon Winner kọ ọ́ ní 1980 pé àwọn àgbẹ̀ tòmáàtì California tó tó 4,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ti dín sí nǹkan bí 600 ní 1973, àti pé iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn tó 32,000 nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Ẹ̀rọ náà wọ́n. Olóko ńlá ló lè rà á. Ní 1979, ẹgbẹ́ California Agrarian Action Project àti àwọn òṣìṣẹ́ oko pe yunifásítì náà lẹ́jọ́. Wọ́n ní owó ìlú ni wọ́n fi ṣe ìwádìí tó ṣe olówó láǹfààní, tó sì pa àgbẹ̀ kékeré àti alágbàṣe lára. Ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá wọn láre ní 1987; ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí ìdájọ́ náà padà.

Winner kò sọ pé ẹnikẹ́ni jókòó pète ibi, èmi náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Hanna àti Lorenzen ṣe iṣẹ́ ọpọlọ tó yẹ kí a kan sáárá sí. Tòmáàtì inú agolo sì di ohun tó pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń béèrè pé kí ni tòmáàtì tó dára, ta ni wọ́n bi? Ilé iṣẹ́ agolo ní kó pupa. Ẹ̀rọ ní kó le. Wọn ò bi ẹni tó ń dúró lórí ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀tọ́ a máa dán lóde, kòkòrò a sì kún inú rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ti ń gbìyànjú láti rí inú báyìí: ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú wa kò lè rí, tí wọ́n fi ń mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú èso láìlà á. Kọ̀ǹpútà ayé òní sì ń kọ́ṣẹ́ láti inú àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí èèyàn ti kọ́kọ́ sàmì sí pé èyí dára, èyí kò dára. Ìdájọ́ ẹnì kan ṣì wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò rí onítọ̀hún mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun dé, ẹ má kàn béèrè bóyá ó ríran. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan, àti ẹni tí kò ní rí iṣẹ́ ṣe mọ́ tó bá ti là ojú. Ó dìgbà kan ná.