Ìkọ́ Mẹ́rin Abẹ́ Kọ̀ntẹ́nà

Lálẹ́ òní, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí eré àsápajúdé nìkan, nítorí a ti sọ ìyẹn títí etí fi kún. Bí tírélà ṣe ń ru ẹrù, àti bí ẹrù náà ṣe ń já bọ́, ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Ní ayé àtijọ́, ọrùn aláàárù ni òṣùwọ̀n ẹrù láàrin wa. Ohun tí ọrùn kò bá lè gbà, orí kì í rù ú. Òṣùká ni kì í sì í jẹ́ kí ó yẹ̀. Ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó dé Kánò ní 1912, ó sì gba ẹrù tí ó wúwo jù lọ kúrò lórí ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin ti ń dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń bọ́ sórí títì.

Ní àkókò yìí, nǹkan tuntun ti ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, ọdún 1956, Malcolm McLean, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, fi ọkọ̀ ojú omi Ideal-X kó àpótí irin 58 láti Newark lọ sí Houston. Àpótí náà ni a ń pè ní kọ̀ntẹ́nà. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ McLean. Díẹ̀ ló mọ Keith Tantlinger, ẹnjiníà tí ó bá a ronú kan ìkọ́ rẹ̀. Ní tèmi, inú ìkọ́ yìí gan-an ni ọgbọ́n wà. Irin kékeré ni, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn tírélà. Ó ń wọ ihò tí ó wà lábẹ́ igun kọ̀ntẹ́nà. Bí a bá yí i, orí rẹ̀ yóò dábùú nínú ihò náà, kò sì ní lè jáde mọ́.

Ní 1975, ọkọ̀ ojú omi tí ó kó sìmẹ́ńtì dí etí òkun Èkó pa. Wọ́n ṣí èbúté Tin Can ní 1977, òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn sì tẹ̀ lé e ní 1978. Èbúté dé, títì dé, ṣùgbọ́n ìkọ́ kò bá wọn dé. Ọ̀pọ̀ tírélà tí ó ń gbé kọ̀ntẹ́nà jẹ́ ẹlẹ́yìn pẹrẹsẹ tí a ṣe fún ẹrù mìíràn. Okùn ni àwọn kan fi ń dè é. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ de nǹkan kan.

Àwọn awakọ̀ kan ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣubú, kí kọ̀ntẹ́nà dá lọ, kí ọkọ̀ lè dúró. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ìkọ́ kò lè gba ọkọ̀ tí ó sáré kọjá ààlà ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n bí orí ọkọ̀ bá ń yà, tààrà ni ẹrù òkè fẹ́ máa lọ. Ẹrù tí ó lè wọ̀n ju 20 tọ́ọ̀nù ni. Ta ni wọ́n rò pé ó wà nísàlẹ̀?

Afárá Ojúẹlẹ́gba ti dáhùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015, kọ̀ntẹ́nà já láti orí rẹ̀ lu ọkọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Ènìyàn 3 kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, ọdún 2023, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì elérò ní Ojúẹlẹ́gba kan náà. Ènìyàn 9 kú, ọmọdé wà nínú wọn.

A kò ṣe aláìní òfin. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1988, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó dúró létí títì kò lè rí abẹ́ kọ̀ntẹ́nà tí ó ń sáré kọjá. Ẹnu ọ̀nà èbúté ni ibi àyẹ̀wò, níbi tí gbogbo tírélà ti ń dúró. Wíwo ìkọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan bá ti kán ńkọ́, owó ta ni a ó fi rọ́pò rẹ̀? Olówó ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè yìí, kí a tó yíjú sí awakọ̀.