Owó Kékeré, Ìdí Iṣẹ́: Ìtàn Ìrànwọ́ Àdúgbò láti Iléṣà dé Laurelton

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé ẹrù, òun ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtùpà ìtàn tí mo mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn owó kékeré tí wọ́n fi ń ran ẹgbẹ́ àdúgbò lọ́wọ́.

Laurelton tí mò ń gbé wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Queens, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Kennedy. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni oníṣòwò ilẹ̀ kan, William Reynolds, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tà níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀ títí di àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àti àwọn ará erékùṣù Káríbíánì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé, tí àwọn aláwọ̀ funfun sì ń kó lọ. Àwọn onílé tuntun yìí kò tíì fìdí kalẹ̀ dáadáa tí ìṣòro fi dé.

Ní ọdún 1975, owó tán lápò ìjọba ìlú New York. Olórí ìlú, Abraham Beame, dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró, ọlọ́pàá, panápaná àti kólẹ̀kólẹ̀ wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn kólẹ̀kólẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀, ìdọ̀tí sì kún ojú títì. Nígbà tí ìlú ké sí ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ Ford kọ́kọ́ kọ̀. Ó kù díẹ̀ kí ọdún parí kó tó gbà láti yá wọn lówó.

Ọdún yẹn gan-an ni Sẹ́nétọ̀ Jacob Javits àti Osborn Elliott, olóòtú ìwé ìròyìn Newsweek, dá Citizens Committee for New York City sílẹ̀. Èrò wọn ni pé kí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn tún àyíká wọn ṣe, kí a sì fi owó díẹ̀ tì wọ́n lẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 2010, owó àdúgbò tí wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kan kì í ju $3,000 lọ. Wọn kò ní dandan ni kí ẹgbẹ́ ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè ra òdòdó, ọkọ́ àti ọ̀dà. Òógùn ni kò lè rà.

Ǹjẹ́ nǹkan tuntun ni èyí lójú Yorùbá? Rárá o. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń roko, tí wọ́n fi ń kọ́lé. Èsúsú ni wọ́n fi ń kó owó jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé lórí èsúsú ní ọdún 1952. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun. Títí di òní, susu ni àwọn ará Trinidad ń pè é. Aládùúgbò mi ń dá a ní Laurelton níbí! Bákan náà, ní ọdún 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Wọn kò káwọ́ gbera kí wọ́n máa wojú ìjọba.

Ibo wá ni ó ti wọ́? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́ ní yunifásítì nílẹ̀ òkèèrè, òun náà ni mo fi ń jẹun. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ gba $1,500 láti fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé. A ra ìwé, a ra àga, ọmọ mẹ́rìnlá ń wá. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn tó fún wa lówó béèrè rìsíìtì, a kò sì rí ti $430. Kò sẹ́ni tó jí i. Ṣùgbọ́n èmi akáńtáǹtì ni ojú ń tì láti béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí wọ́n má baà ní mo ń fi ojú olè wo àwọn. Wọn kò fún wa lówó mọ́, kíláàsì sì tú ká. Lónìí, bí mo bá kí àwọn ọmọ náà ní Yorùbá, Òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Mo ti wá rí i pé àṣìṣe ni ojú tí mo ń tì náà. Nínú èsúsú, ta ni ojú ń tì láti béèrè iye tó wọlé àti ẹni tó kàn? Olórí èsúsú a máa ka gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan pamọ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìbéèrè ní ìwọ̀sí. Ìṣirò kì í ṣe àṣà Òyìnbó, tiwa ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa gbogbo, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Kí rìsíìtì wọ inú àpò ìwé lọ́jọ́ tí a bá náwó. Kí akápò máa ka owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa nípàdé, kí àgbà sì kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá. Bí a bá ti gbé ibi tó wúwo, a ó rí ẹni bá wa gbé èyí tó kù. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi Yorùbá dá wa lóhùn.