Àkójọ ọ̀rọ̀ Koelle nínú àtẹ àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé: ibo ni Ṣábẹ wà?

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Freetown lẹ́nu àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí Polyglotta Africana rẹ̀ sì jáde ní 1854. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ìwé yìí ti di détà fún ìmọ̀ ọrọ̀-ajé.

Ìdí rẹ̀ ni pé Koelle kò kó ọ̀rọ̀ nìkan jọ. Ó kọ orúkọ abẹ́nà-ìmọ̀, ìlú rẹ̀, ìgbà tó ti kúrò nílé, àti, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n ṣe di ẹrú: ogun, ìjínigbé, gbèsè. Nathan Nunn lò wọ́n nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 2008 láti mọ ẹ̀yà àwọn tí a kó lọ. Ní 2011, òun àti Leonard Wantchekon, ọmọ Benin, fi iye ẹrú tí a kó nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wé ìdáhùn tí Afrobarometer gbà ní 2005 ní orílẹ̀-èdè 17. Wọ́n rí i pé níbi tí òwò ẹrú ti le jù, ibẹ̀ náà ni ìfọkàntán ará ilé àti aládùúgbò ti kéré jù lónìí.

American Economic Review ló tẹ iṣẹ́ náà, détà rẹ̀ sì wà ní gbangba. Kì í ṣe inú rere ló mú èyí wá. Ní 2003, McCullough àti Vinod fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn òǹkọ̀wé ẹ̀dà kan jọ́nà yẹn ni kò fi détà sílẹ̀ nígbà tí a béèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni jọ́nà náà ti ní kí wọ́n máa fi sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ben Bernanke, olóòtú nígbà náà, kéde pé kí détà kọ́kọ́ wọlé kí iṣẹ́ tó jáde.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ ní Parakou lè ṣí àtẹ náà wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan Tchaourou. Lábẹ́ Àkù, orúkọ tí Koelle fi pè wá nítorí pé kò gbà kí a máa pe gbogbo wa ní Yorùbá, ẹ̀ka-èdè méjìlá ló wà, láti Ọ̀tà dé Ìṣẹ̀kírì. Ṣábẹ kò sí níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé náà tún to ẹ̀yà sí ààyè wọn lórí máàpù tí Murdock yà ní 1959. Ará Tchaourou kan lè jẹ́ Ṣábẹ nílé, Nagot nínú ìwé ìjọba, Yorùbá lọ́jà. Ìlà kan ṣoṣo ni àtẹ ní fún un. N kò rò pé èyí wó àbájáde wọn. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó yẹ orúkọ wọ̀nyẹn wò bí kò bá ṣe àwa? Wọ́n ṣílẹ̀kùn, a kò wọlé. Ilẹ̀kùn tiwa gan-an ń kọ́? Inú dúrọ́ọ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí wa wà.

Mo ní ohùn àwọn oníṣu Tchaourou tí mo gbà fún ìwádìí ìṣirò àti ìnájà. Obìnrin kan ní kí n fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ èdè òun, ṣùgbọ́n kí n yọ ibi tó ti dárúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Òfin 2017-20 ti 2018 lórí ètò díjítà wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ Koelle pé ìtàn ìyà wọn yóò di nọ́ńbà. Mo ti gé ìṣẹ́jú mẹ́rin kúrò. Ó ku iye owó iṣu, tí èmi àti òun yóò jọ tẹ́tí sí lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.